Adìyẹ Díndín ní Ilẹ̀ Àjèjì: Ǹjẹ́ Owó Lè Ra Ilé?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ilé oúnjẹ Jollibee ti ilẹ̀ Filipínì ṣí ẹ̀ka àkọ́kọ́ tó ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Earl's Court, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àdúgbò tí àwọn ará Filipínì ti ń gbé, tí wọ́n sì ti ń tajà láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ni èrò ti tò lọ bẹẹrẹ lójú títì. Bákan náà ló rí ní Winnipeg ní Kánádà nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà débẹ̀ ní 2016, àti ní Milan ní Ítálì ní oṣù Kẹta ọdún 2018. Oúnjẹ tí wọ́n tò fún kì í ṣe oúnjẹ ọba. Adìyẹ díndín ni, pẹ̀lú ìrẹsì funfun àti sìpàgẹ́tì, bẹ́ẹ̀ adìyẹ díndín kò wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó jẹ́ pé ebi nìkan ló ń pa á kò ní láti dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó rí nǹkan fi sẹ́nu.

Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyí: kí ni ènìyàn ń wá nígbà tó bá lọ jẹ oúnjẹ ìlú rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì? Ṣé ilé ló ń bá pàdé nínú àwo ni, àbí òjìji ilé tí oníṣòwò kan fi iye lé lórí? Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń ronú lórí ìrántí ènìyàn àti ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà. Fún àwọn ará Filipínì, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, ọ̀ràn ìgbàgbọ́ ni pẹ̀lú, nítorí pé oúnjẹ ló wà ní àárín gbùngbùn ìsìn wọn.

Ilé oúnjẹ náà àti ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀

Tony Tan Caktiong, tí ìdílé rẹ̀ ṣí wá láti Fujian ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Áísìkiriìmù ló ń tà ní Cubao, ní Quezon City, ní 1975. Nígbà tó rí i pé oúnjẹ gbígbóná ni àwọn oníbàárà ń béèrè, ó yí ọjà padà, ilé-iṣẹ́ náà sì di Jollibee ní 1978. Sìpàgẹ́tì wọn jáde ní 1979. Adìyẹ díndín tí wọ́n ń pè ní Chickenjoy tẹ̀ lé e ní 1980. Ní 1981, McDonald's ti Amẹ́ríkà wọ Filipínì. Owó àti òkìkí ilé-iṣẹ́ àjèjì yìí ju ti Jollibee lọ fíìfíì, síbẹ̀ Jollibee ló ṣíwájú lọ́jà, torí pé bí ẹnu àwọn ará ìlú ṣe fẹ́ oúnjẹ ló ń sè é. Ní 1998 ó ṣí ẹ̀ka àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Daly City ní ìpínlẹ̀ California, ìlú kan tí àwọn ará Filipínì pọ̀ sí gan-an.

Ẹni tó bá wọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka òkèèrè wọ̀nyí yóò kọ́kọ́ rí àwọ̀ pupa fòò, àti àwòrán kòkòrò oyin ńlá kan tó wọ kóòtù, tó dé fìlà alásè, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń wọlé. Èèpo adìyẹ náà a máa ró kàràkàrà lẹ́nu. Ìrẹsì wà nínú bébà tí wọ́n fi dì í, ọbẹ̀ kíki kan sì wà nínú ife kékeré fún ẹni tó bá fẹ́ ki adìyẹ bọ̀ ọ́. Ọbẹ̀ sìpàgẹ́tì máa ń dùn bí ẹni pé wọ́n fi ṣúgà sí i. Sọ́séèjì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, wàràkàṣì sì wà lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru lè jókòó ti ìyá àgbà tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Èdè Tagalog, Ilocano àti Cebuano lè máa lọ láti tábìlì dé tábìlì. Nínú ilé yìí, kò sí ẹni tí wọ́n ń bi pé kí ló dé tí ọbẹ̀ sìpàgẹ́tì fi dùn, tàbí kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ìrẹsì jẹ adìyẹ díndín.

Ta ló ni oúnjẹ?

Àtakò àkọ́kọ́ sí irú ilé oúnjẹ yìí ni pé kò sí ohun kan nínú àwo náà tó jẹ́ ti Filipínì láti ìbẹ̀rẹ̀. Adìyẹ díndín yìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i; sìpàgẹ́tì, Ítálì ni; ìdílé ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ wá láti Ṣáínà. Spéìn ṣàkóso àwọn erékùṣù náà láti 1565 títí di 1898, Amẹ́ríkà sì gbà á lọ́wọ́ wọn títí di 1946. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àtakò lè sọ pé ohun tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè ní ilé, àti pé ìfẹ́ ilé tó dúró lórí rẹ̀ kò ní ìpìlẹ̀.

Doreen Fernandez, tó gbé láti 1934 sí 2002, tó sì kọ́ni ní yunifásítì Ateneo de Manila, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi hàn nínú àwọn àròkọ rẹ̀ pé oúnjẹ àjèjì kì í wọ ìlú kó sì dúró bó ṣe wá. Alásè ìlú a gbà á, a fi èròjà tirẹ̀ sí i, a tún un sè títí tí ẹnu àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò fi gbà á. Iṣẹ́ ọpọlọ àti ọwọ́ àwọn ará ìlú ni ìyípadà yìí, kì í ṣe àmì pé wọn kò ní nǹkan tiwọn. Ọbẹ̀ sìpàgẹ́tì dídùn yẹn pàápàá jẹ́rìí sí i. Maria Orosa, onímọ̀ kẹ́míkà nípa oúnjẹ tí wọ́n bí ní Batangas ní 1893, kàwé ní Seattle, ó sì padà sílé láti wá bí àwọn ará ìlú rẹ̀ yóò ṣe fi èso ilẹ̀ wọn rọ́pò ohun tí wọ́n ń rà láti òkèèrè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló lò dípò tòmátò láti ṣe ọbẹ̀ inú ìgò, irú èyí tó wá di ara ọbẹ̀ sìpàgẹ́tì ilẹ̀ náà. Ó kú ní Manila ní oṣù Kejì ọdún 1945, nígbà tí ogun ń jó ìlú náà run. Bí obìnrin kan bá fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wá bí ìlú rẹ̀ yóò ṣe bọ́ ara rẹ̀, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ohun tó tọwọ́ rẹ̀ jáde kì í ṣe ti ìlú náà.

Nítorí náà, ibi tí oúnjẹ ti ṣẹ̀ wá nìkan kọ́ ló ń sọ ẹni tó ni ín. Ohun tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn ṣe sí i ṣe pàtàkì, àwọn ọjọ́ tí wọ́n sì jẹ ẹ́ pọ̀ ṣe pàtàkì. Ní Filipínì, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ṣe ọjọ́ ìbí nínú Jollibee, tí ìyá fi owó tó ṣẹ́ jọ ra adìyẹ fún un. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Bí adìyẹ náà bá rán ọmọ ọ̀hún létí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ìrántí náà kì í ṣe irọ́.

Ikùn ọkàn

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní Àríwá Áfíríkà, sọ nínú ìwé kẹwàá ti Confessions rẹ̀ pé ìrántí dà bí ikùn ọkàn. Ayọ̀ àti ìbànújẹ́ dà bí oúnjẹ dídùn àti oúnjẹ kíkorò: wọ́n lè wà ní ìpamọ́ nínú ikùn yìí, ṣùgbọ́n wọn kì í ní adùn mọ́ níbẹ̀. Ohun tó rí yìí jinlẹ̀. Ẹni tó wà lókèèrè lè rántí pé òun láyọ̀ nílé. Ó lè sọ ìtàn rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Síbẹ̀ ìtàn náà lè gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Oúnjẹ ní agbára kan tí ìtàn kò ní: ó ń dá adùn padà fún ohun tó ti wà ní ìpamọ́. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà fi lè sunkún nídìí àwo ìrẹsì láìlè sọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Simone Weil, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Faransé, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Lọ́ńdọ̀nù ló wà ní 1943, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Faransé tí kò gbà fún Jámánì, nígbà tó kọ ìwé rẹ̀ lórí gbòǹgbò ènìyàn, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1949. Ó kọ́ni níbẹ̀ pé kí ènìyàn ní gbòǹgbò jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ọkàn kò lè ṣe láìní, gẹ́gẹ́ bí ara kò ṣe lè ṣe láìjẹun, àti pé ẹni tí wọ́n bá fa gbòǹgbò rẹ̀ tu ń jìyà gidi. Weil fúnra rẹ̀ kọ̀ láti jẹ ju ìwọ̀n tó gbà pé àwọn ará ìlú rẹ̀ ń rí jẹ lábẹ́ àwọn ọ̀tá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ń bá a jà. Ó kú ní Ashford ní oṣù Kẹjọ ọdún 1943. Ọ̀nà tirẹ̀ le, kò sì yẹ kí a dámọ̀ràn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló mú kí Weil fi oúnjẹ du ara rẹ̀, tó sì mú kí nọ́ọ̀sì ọmọ Manila tò fún oúnjẹ. Àwọn méjèèjì ń wá bí ẹnu wọn yóò ṣe wà pẹ̀lú ẹnu àwọn ará ilé.

Ìrántí tó pé àti ìrántí tó lábùkù

Ṣùgbọ́n gbogbo ìfẹ́ oúnjẹ ilé kọ́ ló dára. Ìwé Númérì orí kọkànlá sọ ìtàn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, bí wọ́n ṣe jókòó tí wọ́n ń sunkún nítorí ẹja, apálá, bàrà, àlùbọ́sà àti aáyù tí wọ́n ti ń jẹ ní Íjíbítì. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni àwọn ń jẹ ẹja yẹn. Wọ́n rántí ẹja, wọ́n gbàgbé bíríkì. Wọ́n rántí aáyù, wọ́n gbàgbé pàṣán àti àwọn ọmọkùnrin tí Fáráò ní kí wọ́n sọ sódò. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò sí nínú pé wọ́n fẹ́ràn oúnjẹ. Ó wà nínú pé ìrántí wọn gé òtítọ́ sí méjì, ó mú apá tó dùn, ó sì ju èyí tó korò nù.

Ìwé Mímọ́ kan náà fi ìrántí tó pé hàn. Nígbà tí Ọlọ́run fi mánà bọ́ wọn, ó pàṣẹ pé kí wọ́n bu díẹ̀ pamọ́ sínú ìkòkò, kí àwọn ìran tó ń bọ̀ lè rí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Ẹ́kísódù orí kẹrìndínlógún. Nígbà Àjọ Ìrékọjá, ewébẹ̀ kíkorò gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ẹran, kí ẹni tó ń jẹun má baà gbàgbé oko ẹrú. Oúnjẹ ìrántí tó tọ́ máa ń gbé adùn àti ìkorò sínú àwo kan.

Òdiwọ̀n yìí bá ọ̀ràn àwọn ará Filipínì mu dáadáa. Kì í ṣe ìfẹ́ ìrìn-àjò nìkan ló kó wọn lọ sí òkèèrè. Ní 1974, lábẹ́ Ààrẹ Ferdinand Marcos, ìjọba ṣe òfin iṣẹ́ tó fi ètò sí bí wọn yóò ṣe máa rán òṣìṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ní àkókò tí iṣẹ́ wọ́n nílé tí àwọn ilẹ̀ epo sì ń wá ènìyàn. Ní 1988, Ààrẹ Corazon Aquino pe àwọn òṣìṣẹ́ òkèèrè ní akọni tuntun. Òfin 1995 tó wà fún ààbò wọn sọ kedere pé ìjọba kò fi iṣẹ́ òkèèrè ṣe ọ̀nà ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé. Síbẹ̀ owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé láti ilé ìfowópamọ́ ní 2023 nìkan lé ní bílíọ̀nù 33 dọ́là. Lẹ́yìn owó yìí ni ìyá tó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Hong Kong wà, nígbà tí ìyá-ìyá ń tọ́ tirẹ̀ nílé, àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò lè dé ibi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní ti àwọn wọ̀nyí, àjò kò dùn, ilé kò sì ṣeé lọ.

Nítorí náà, bí ẹni tó jókòó nínú ilé oúnjẹ náà bá rántí ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó yẹ kó rántí pẹ̀lú ìdí tó fi jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń rántí rẹ̀. Ìrántí tó pé kò ní ba adùn oúnjẹ jẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí adùn náà di oògùn oorun.

Ohun tí owó lè rà

Àtakò kejì ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ pé àárò ilé ń mú owó wọlé. Òótọ́ ni. Ní 2018 kan náà tí ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù ṣí, ilé-iṣẹ́ ìjọba Filipínì tó ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ pàṣẹ pé kí Jollibee gba àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 6,000, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún un lábẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ilé kò gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn ọmọ ilé tó ń sè é. Bí ẹ̀rín tó wà lójú kòkòrò oyin yẹn bá fẹ́ jẹ́ òótọ́, ó gbọ́dọ̀ kan ẹni tó wà nídìí epo gbígbóná bó ṣe kan ẹni tó ń sanwó.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a lọ jìnnà débi pé ohun tí wọ́n bá ti ta kò lè ní ọ̀wọ̀ mọ́. Àpẹẹrẹ tó lágbára wà ní Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Brazil. Àwọn obìnrin tó ń din àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé níbẹ̀, ń tà á lójú pópó, oúnjẹ Ọya sì ni nínú ẹ̀sìn Candomblé. Nígbà oko ẹrú, owó tí àwọn obìnrin tó ń kiri oúnjẹ rí jọ wà lára ohun tí àwọn kan fi ra ara wọn padà. Títà tí wọ́n ń ta àkàrà kò sọ ọ́ di ohun lásán, torí pé wọ́n mọ ẹni tó ni ín, wọ́n sì mọ ohun tí owó rẹ̀ wà fún.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ hàn kedere. Oníṣòwò lè ta adìyẹ, ìrẹsì, àga àti àwọ̀ pupa. Kò lè ta pé ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí yóò sún àga rẹ̀ kí á lè jókòó, yóò béèrè ìgbèríko tí a ti wá, yóò sì sọ pé ẹ̀gbọ́n òun gbé ibẹ̀ rí. Àwọn tó wá jẹun ló mú èyí wá, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fi ń fún ara wọn. Virgilio Enriquez, tó gbé láti 1942 sí 1994, tó sì fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn lélẹ̀ láti inú àṣà Filipínì, kọ́ni pé ohun tó wà ní ọkàn ìwà àwọn ènìyàn rẹ̀ ni pé ẹnì kan àti ẹnì kejì kì í ṣe àjèjì sí ara wọn; ọ̀kan ló so wọ́n pọ̀ láti inú wá. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, ilé tí wọ́n ń wá kò sí lọ́wọ́ alásè. Ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó jókòó.

Tábìlì méjì

Fún ọmọ Kátólíìkì, èyí kò jìnnà sí ohun tó mọ̀. Láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, àwọn ará Filipínì máa ń jí lọ sí Mísà kí ilẹ̀ tó mọ́ ní àárọ̀ mẹ́sàn-án léraléra, èyí tí wọ́n ń pè ní Simbang Gabi. Bí wọ́n bá jáde, oúnjẹ bíi bibingka àti puto bumbong gbígbóná wà níta ṣọ́ọ̀ṣì fún rírà. Kò sí ẹni tó rí i bí ẹ̀ṣẹ̀ pé owó ń yí padà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, torí pé tábìlì inú ilé ló fún tábìlì ìta ní ìtumọ̀. Wọ́n ti gbé àṣà yìí lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2021, nígbà tí Póòpù Francis ṣe Mísà pẹ̀lú wọn ní Róòmù nítorí pé ìgbàgbọ́ Kristi ti pé 500 ọdún nílẹ̀ wọn, ó yìn wọ́n pé wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ gbé ìgbàgbọ́ wọ ibi gbogbo tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́.

Pọ́ọ̀lù ti fi òdiwọ̀n tábìlì Kristẹni lélẹ̀ tipẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kọkànlá, ó bá wọn wí torí pé àwọn tó ní ń jẹ tiwọn ṣáájú, tí ebi sì ń pa àwọn tí kò ní. Ó ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Oúnjẹ kan náà, inú ilé kan náà, lè jẹ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwà àwọn tó ń jẹ ẹ́ sí ara wọn ló ń pààlà.

Òdiwọ̀n yìí tó fún ilé oúnjẹ òkèèrè náà. Owó lè ra ohun tó ń jí ìrántí, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè òkun. Owó kò lè ra ilé, nítorí pé ilé jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ènìyàn. Ó wà níbi tí ẹni tó ti pẹ́ nílùú bá ti dúró de ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ìrántí adùn kò pa ìrántí ìdí àjò mọ́lẹ̀, tí ẹni tó sè àti ẹni tó jẹ sì jọ rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá wà, ẹni tó tò fún adìyẹ nínú òtútù kò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.